Yona, Sarasa, Usagi, Nausicaä: Nínú Àwọn Akọni Obìnrin Tó Ń Sunkún Wọ̀nyí, Èwo Lẹ Máa Kọ́kọ́ Kà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó pé ọmọ ọdún 14 lọ́dún yìí, bi mí ní ìbéèrè kan lóṣù tó kọjá tí mi ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka manga, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ èyí tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ti gbójú láti ojú ìwé àkọ́kọ́. "Àǹtí, èyí tó ń sunkún bíi tèmi ni mo fẹ́, tó wá di olórí ogun nígbà tó yá." Ọmọ tí omi ojú rẹ̀ kì í jìnnà ni. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nílé ìwé débi pé ó ti ń tijú omi ojú ara rẹ̀. Nítorí náà mi ò fẹ́ fún un ní ìdáhùn gbàrọgùdù.

Mẹ́rin ló wá sí mi lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni Akatsuki no Yona, tí Mizuho Kusanagi bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Hana to Yume ní ọdún 2009. Èkejì ni Basara ti Yumi Tamura, tó jáde láti 1990 títí di 1998. Ẹ̀kẹta ni Sailor Moon ti Naoko Takeuchi, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1991 tó sì parí ní 1997. Ẹ̀kẹrin ni Nausicaä ti Hayao Miyazaki, tí òun nìkan gba ọdún 12, láti 1982 sí 1994. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní shōjo, ìyẹn manga tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ọmọdébìnrin.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi wọn gbogbo wọn. Ẹkún wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, agbára náà sì wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí ọmọ náà rí nígbà tí omi ṣì wà lójú rẹ̀.

Yona, ọmọ tí wọ́n kẹ́ bà jẹ́

Yona ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọba Il ti ilẹ̀ Kouka bí. Nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, irun orí rẹ̀ ni ìṣòro tó tóbi jù láyé rẹ̀: ó pupa, ó lọ́, kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Soo-won, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọkàn rẹ̀ fẹ́, bàbá rẹ̀ sì ti kọ̀ jálẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 16, ó lọ sí yàrá bàbá rẹ̀ láti sọ pé òun ò lè gbàgbé Soo-won. Soo-won ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú idà, tí bàbá rẹ̀ sì ti wà nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Hak, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, ló mú un sá kúrò láàfin lóru ọjọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Kusanagi ni pé kò kánjú. Yona kò jí lọ́jọ́ kejì kó gbé ohun ìjà. Ńṣe ló dà bí ère. Wọ́n ń rin inú igbó, Hak ń bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Hak gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó kàn ń wò ó ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀ rí láìròtẹ́lẹ̀ máa mọ̀ pé òótọ́ ni Kusanagi yà sínú ìwé. Ẹkún gan-an kò tètè wá, nígbà tó sì wá, kò tán lẹ́ẹ̀kan.

Kang Tae-jun, ọmọ olórí ẹ̀yà Iná, lépa wọn dé etí ọ̀gbun. Hak ti gbọgbẹ́, oró ọfà ti wọ ara rẹ̀, Tae-jun sì di irun Yona mú kó má bàa lè sáré lọ bá a. Yona fa idà yọ, ó sì gé irun náà sí i lọ́wọ́. Irun tí Soo-won ti yìn pé ó dà bí ojú ọ̀run ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni o. Akatsuki tó wà nínú orúkọ ìwé náà, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti ka ojú ìwé yẹn tó ìgbà mẹ́fà, ọkàn mi ṣì máa ń já níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ Hak pé kó kọ́ òun ní ọfà títa. Bàbá rẹ̀ kórìíra ohun ìjà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀kankan rí, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn yòókù bá sùn lóru, á jáde lọ máa ta ọfà nínú òkùnkùn. Òǹkàwé á rí i bó ṣe ń tàsé. Ó ń tàsé fún ìgbà pípẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé yìí bá yín lára mu, ẹ kà á dé ìlú èbúté Awa kí ẹ tó dájọ́. Gómìnà ibẹ̀ ń jí àwọn ọmọbìnrin gbé tà, àwọn ọlọ́ṣà ojú omi kan ló sì ń bá a jà, abẹ́ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Gigan ni wọ́n wà. Gigan kì í gba ẹni tí kò wúlò sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rán Yona lọ já ewé ìwòsàn kan ní ẹ̀gbẹ́ àpáta tó ga sókè òkun. Ẹ̀rù ba ọmọ náà dójú ikú, ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lọ, ó já ewé náà wá. Kò tán síbẹ̀: òun àti Yoon, ọmọkùnrin arẹwà kan tó múra bí obìnrin, tún yọ̀ǹda ara wọn pé kí àwọn oníṣòwò ènìyàn kó àwọn wọ ọkọ̀, kí wọ́n lè ti inú rẹ̀ fi àmì hàn àwọn tó wà níta. Nígbà tí gómìnà yẹn ń sá lọ lójú omi, ọfà Yona ló pa á. Gbogbo òru tó fi tàsé ló wà nínú ọfà kan yẹn.

Síbẹ̀, lójú tèmi, ìgbà tó dé abúlé àwọn ẹ̀yà Iná ni ìtàn yìí tó dàgbà. Ó rí ebi. Ó rí àwọn àgbàlagbà tó ń kú ní ahéré nítorí pé owó orí ti gba oúnjẹ wọn, iṣẹ́ ogun sì ti gba ọmọ wọn. Ó wá yé e pé àsìkò bàbá òun, ọba onínú rere tí kò fẹ́ ogun, ni nǹkan ti ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Soo-won tó pa bàbá rẹ̀ ló wá ń tún ilẹ̀ náà ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa. Kí ni ọmọ ọba tí wọ́n lé jáde máa wá ṣe pẹ̀lú irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀? Kusanagi kò fún un ní ọ̀nà àbùjá. Tae-jun tó di irun rẹ̀ mú lọ́jọ́sí, òun ló tún pàdé nínú àwọn abúlé wọ̀nyí, òun ló sì kọ́ láti máa bọ́ àwọn aláìsàn níbẹ̀. Yona fi irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní iza, tó lè hù nínú ilẹ̀ tútù tí kò lọ́ràá, lé e lọ́wọ́. Mi ò mọ manga mìíràn tó jẹ́ kí irúgbìn wúwo tó idà báyìí.

Àléébù rẹ̀ kò pamọ́. Ó gùn, ó lé ní ìwé 40, ó sì máa ń fà láàárín. Bákan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó yí i ká, Hak àti àwọn jagunjagun mẹ́rin tó ní ẹ̀jẹ̀ dírágónì, ni wọ́n ń ja ọ̀pọ̀ ìjà rẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá ní sùúrù lè pa ìwé náà dé kí Yona tó dá dúró. Anime rẹ̀, ìyẹn eré aláwòrán orí tẹlifíṣọ̀n, ìpín 24, tó jáde láti 2014 wọ 2015, dúró síbi tí jagunjagun kẹrin ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá wo anime náà nìkan kò tíì rí púpọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ yìí.

Sarasa, tí kò láyè láti sunkún

Japan ọjọ́ iwájú ni Basara ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí àjálù kan ti sọ ilẹ̀ náà di aṣálẹ̀. Ọba kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mẹ̀kúnnù ló sì ń jìyà rẹ̀. Ní abúlé Byakko, wọ́n bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Nagi, aríran tí kò ríran pẹ̀lú ojú ara, sọ pé ọmọ àyànmọ́ ti dé. Gbogbo abúlé gbà pé Tatara, ọkùnrin, ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo Sarasa lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọba Pupa ya wọ abúlé náà tí wọ́n sì bẹ́ orí Tatara. Àwọn èèyàn tú sí ẹkún, nítorí ìrètí wọn ti lọ. Sarasa gé irun rẹ̀, ó gbé aṣọ ìkejì rẹ̀ wọ̀, ó sì kéde pé Sarasa ló kú, pé Tatara ló dúró síwájú wọn yìí. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìbejì jẹ́ síra wọn á mọ bí ọgbẹ́ yẹn ṣe jìn tó. Kò láyè láti ṣọ̀fọ̀ arákùnrin rẹ̀, torí lójú gbogbo ayé, arákùnrin rẹ̀ kò kú.

Ibi tí Basara ti yàtọ̀ sí Yona nìyí. Yona ń kọ́ bí a ṣe ń gbójú. Sarasa ní láti gbójú kó tó kọ́ ọ. Lọ́sàn-án, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Lóru, nígbà tó bá ku òun nìkan, ẹkún tó gbé mì látàárọ̀ á wá. Yumi Tamura mọ bí a ṣe ń ya ojú ènìyàn tó fẹ́ bú sẹ́kún tí kò gbọdọ̀ bú.

Ó sì tún ní ìfẹ́. Níbi ìsun omi gbígbóná kan, níbi tí Sarasa ti bọ́ aṣọ Tatara sílẹ̀ tó tún di ara rẹ̀, ó pàdé ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Shuri. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Shuri ni Ọba Pupa. Kò mọ̀ pé ọmọbìnrin yìí ni Tatara tí òun ń wá láti pa. Sarasa náà kò mọ̀ pé ọwọ́ tó di òun mú ló rán àwọn tó bẹ́ orí arákùnrin òun. Àwa òǹkàwé mọ̀, a sì ní láti máa bá wọn lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìwé. Mo ti gbé ìwé náà sílẹ̀ rí lóru, tí mo dìde rìn yí yàrá po, kí n tó lè padà sídìí rẹ̀.

Láti Okinawa dé ìhà àríwá tí yìnyín bò ni Sarasa rìn, ó ń kó àwọn alátìlẹ́yìn jọ, ó ń wá àwọn idà mẹ́rin tó so mọ́ orúkọ ẹranko ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rin. Àwọn èèyàn kú nítorí àṣẹ rẹ̀, ó sì mọ orúkọ wọn. Ìtàn tó bá fẹ́ sọ pé ọmọbìnrin kan di olórí gbọ́dọ̀ sọ iye tó ná an, Basara sì sọ ọ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọdé. Ìpànìyàn inú rẹ̀ le, ìkónilẹ́rú wà níbẹ̀, ìbálòpọ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò ní gbé e fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16. Àwòrán rẹ̀ náà jẹ́ ti ayé ọjọ́un: ojú ìwé kún, ìlà kọjá lórí ìlà, ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àwòrán òde òní yóò ní láti fara balẹ̀. Ìwé 27 ni, 25 fún ìtàn gan-an, méjì ìkẹyìn fún àwọn ìtàn ẹ̀gbẹ́.

Usagi, tí kò tijú

Gbogbo èèyàn rò pé àwọn mọ Sailor Moon, torí pé wọ́n ti wo anime rẹ̀ ní kékeré. Manga náà yára jù ú lọ, ó sì ṣókùnkùn jù ú lọ. Tsukino Usagi jẹ́ ọmọ ọdún 14 ní Tokyo. Ó ń sùn jù, ó ń pẹ́ dé ilé ìwé, kò gba máàkì gidi nínú ìdánwò, ọ̀rọ̀ kékeré sì ni, á bú sẹ́kún. Nínú ìpín àkọ́kọ́ anime náà, igbe ẹkún rẹ̀ gan-an ló ń dun ọ̀tá létí. Ológbò dúdú kan, Luna, sọ fún un pé ó ní iṣẹ́ láti ṣe, pé òun ni jagunjagun Sailor Moon, Usagi ní òun ò fẹ́.

Ẹ wo àwọn ọmọbìnrin jagunjagun tó wá yí i ká. Ami gbọ́n jù ú lọ. Makoto lágbára jù ú lọ. Minako ti ń bá ọ̀tá jà kí Usagi tó mọ̀ pé ọ̀tá wà. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ami kò ní ọ̀rẹ́, ìwé ló fi ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù Rei nítorí ohun tó lè rí. Wọ́n ń yẹra fún Makoto nítorí agbára rẹ̀. Usagi kàn rìn lọ bá wọn ni, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó bá wọn jẹun. Ọ̀nà tó gbà di olórí nìyẹn, mo sì gbà pé ó tó ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé ẹkún sísun jẹ́ àìlera nílò láti rí Usagi, torí pé láti ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò fi ẹkún sílẹ̀. Nínú apá tó kẹ́yìn, ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Galaxia gba àwọn tí Usagi fẹ́ràn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku òun nìkan, ó ń sunkún, ó sì ń rìn lọ síwájú.

Ìwé 18 ni nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀dà tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà kó ìtàn náà sínú ìwé 12. Ìyẹn mú kó rọrùn láti parí. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ó máa ń sáré jù: ọ̀tá dé, ọ̀tá kú, kí a tó mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Takeuchi lè fi ojú ìwé méjì sọ ohun tí Kusanagi máa fi ìwé méjì sọ.

Nausicaä, ní ṣókí

Ìwé méje péré, àwòrán rẹ̀ sì lè mú kí ènìyàn jókòó síwájú ojú ìwé kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fíìmù ọdún 1984 tí ọ̀pọ̀ mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà nìkan ló gbé. Nausicaä ń sunkún fún àwọn kòkòrò ńláńlá tí gbogbo ayé ń sá fún, ó ń sunkún fún ọmọ ogun ọ̀tá, ó sì ti pa èèyàn nínú ìbínú rí, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì ń bà á nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n akọni ni láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹrù tó ń wúwo sí i ni ìtàn rẹ̀. Èyí kọ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Mo fi pa mọ́ fún ìgbà tó bá pé ogún ọdún, torí ìwé ìkẹyìn rẹ̀ béèrè ìbéèrè tí àgbàlagbà pàápàá máa gbé sùn.

Tí a bá gbé wọn síwájú ara wọn

Láàárín Yona àti Sarasa ni ọ̀pọ̀ máa ti nira láti yàn, nítorí wọ́n jọra púpọ̀. Àwọn méjèèjì gé irun wọn. Yona gé tirẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Sarasa gé tirẹ̀ láti wọ inú ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ọ̀tá. Yona mọ̀ láti alẹ́ àkọ́kọ́, ó sì ní láti gbé pẹ̀lú ìmọ̀ náà. Sarasa kò mọ̀, àìmọ̀ rẹ̀ ló sì ń ti ìtàn náà síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó ń wo ìwòsàn, tó ní ẹ̀rín láàárín, tí ẹ lè kà fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ mú Yona. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó máa gbá yín láyà tí ẹ ò ní lè sùn, Basara ni.

Láàárín Yona àti Usagi, ohun tí òǹkàwé ń là kọjá ni mo máa wò. Ọmọ tó wà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó sì ń rò pé òun nìkan ló wà, Usagi ló máa bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tí nǹkan ti bàjẹ́ fún lójijì, tí ilé tó gbẹ́kẹ̀ lé wó, Yona ni kó mú. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé òun ni gbogbo ilé ń wò lójú, tó ń gbọ́ "ìwọ ni àgbà, má sunkún" láti kékeré, ó yẹ kó ka Basara nígbà tó bá dàgbà tó o.

Ní ti rírà, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé VIZ ló ṣe Yona láti ọdún 2016, òun náà ló ṣe Basara àti Nausicaä. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé mìíràn, Kodansha, ló ṣe ẹ̀dà Sailor Moon ti òde òní. Ẹ rántí pé láti ọ̀tún sí òsì ni a ń kà wọ́n, ibi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn ìwé ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ka ojú ìwé mẹ́jọ sẹ́yìn kó tó pè mí pé ìtàn yìí kò yé òun.

Yona ni mo fún un. Mo sọ fún un pé kó má ṣe jẹ́ kí ìwé àkọ́kọ́ lé e sá, pé ọmọbìnrin tó ń ráhùn nípa irun yẹn ń bọ̀ wá yà á lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò gbúròó rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni fóònù mi dún, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo: "Àǹtí, ó ti gé e. Mo ń sunkún. Ìwé kẹta dà?"